Ẹ́ńjìnnì Ta Ló Wà Nínú Ọkọ̀ Rẹ?

Bí àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to mọ́tò asáré bá kóra jọ, iyàn kan wà tí kì í tán láàárín wọn. Ẹni tó ń kọ́ ẹ̀dà Cobra, ọkọ̀ aláìlórùlé tí Carroll Shelby gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1962, ṣé ẹ́ńjìnnì Ford ló yẹ kó gbé sí i ni àbí ti Chevrolet? Àwọn ará Chevrolet á ní tàwọn pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n, ó sì lágbára bí iná. Àwọn ará Ford á ní èèwọ̀ ni, Cobra tó bá gbé ẹ́ńjìnnì Chevrolet ti di nǹkan mìíràn. Orúkọ ni tọ̀tún-tòsì ń jà lé lórí, ìjà orúkọ yìí sì máa ń gbé ojú èèyàn kúrò lára ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wò. Ìtàn ọkọ̀ kan wà tó fi èyí hàn kedere. Sunbeam Tiger lorúkọ rẹ̀. Oríṣi ẹ́ńjìnnì tó wà nínú Cobra àkọ́kọ́ náà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí ló sọ Cobra di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, òun náà ló sì di ikú Tiger.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Cobra kúrò nílẹ̀. Shelby gba ìdíje Le Mans ní 1959, àìsàn ọkàn sì lé e kúrò nídìí eré ìje lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 1961 ó gbọ́ pé Bristol ò ní ṣe ẹ́ńjìnnì tí ilé iṣẹ́ AC, ní Thames Ditton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gbé sínú ọkọ̀ Ace wọn mọ́. Ó kọ̀wé sí AC pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lo ara ọkọ̀ náà, òun á wá ẹ́ńjìnnì V8, onísílíńdà mẹ́jọ, sí i. Chevrolet ló kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Wọ́n kọ̀ ọ́, torí Corvette, ọkọ̀ asáré, ni ọmọ tiwọn, ta ló sì máa gbé pàṣán fún ẹni tó fẹ́ wá na ọmọ rẹ̀? Ní ti Ford, ẹni tó máa bá wọn lé Corvette gan-an ni wọ́n ń wá. V8 kékeré kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wọn jáde, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Shelby. Ká ní Chevrolet gbà lọ́jọ́ náà ni, Chevrolet ni àwọn tó ń pè é ní èèwọ̀ lónìí ì bá máa gbèjà.

Lásìkò yẹn, ilé iṣẹ́ Rootes, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, ní ọkọ̀ kan tó rẹwà, Sunbeam Alpine, tí wọ́n gbé jáde ní 1959. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ ju eré rẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, lítà kan ààbọ̀, ló kọ́kọ́ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà tó yẹ kó máa rà á sì ń wá ohun tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rootes lọ bá Ferrari pé kó bá wọn tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Ẹ wo bí ì bá ti dùn tó láti lẹ orúkọ Ferrari mọ́ ọkọ̀ náà! Wọ́n sọ ọ́ títí, kò so èso.

Jack Brabham, tó ti gba ife-ẹ̀yẹ Formula 1, ló dá a lábàá fún Norman Garrad, olórí ẹ̀ka ìdíje Rootes, pé kí wọ́n gbé V8 ti Ford sí i. Norman sọ fún Ian ọmọ rẹ̀, tó ń mójú tó ọjà Rootes ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ohun tí Ian wá ṣe ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ to ọkọ̀ fi sọ́kàn. Ó fún ọ̀gá tó ń bójú tó àtúnṣe ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní igi ìwọ̀n, ó ní kó máa yí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta mọ́tò ká, kó máa wọn V8 tó bá rí ní gígùn, ní ìbú, ní gíga, kó mọ èyí tó máa wọ imú Alpine. Bí télọ̀ ṣe ń wọn èjìká kó tó ti sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ ni. Ford 260 ló gbà á: lítà 4.2, agbára ẹṣin 164. Wọ́n rọ irin rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí náà kò wúwo bí àwọn V8 ìgbà yẹn.

Ken Miles, awakọ̀ eré ìje kan, gba 800 dọ́là, ó sì ti ẹ́ńjìnnì náà bọ inú Alpine kan láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Shelby gba 10,000 dọ́là fún iṣẹ́ tó gún régé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé wíwọ̀ nìkan ò tó. Sítíárìn tó wà lára Alpine ò ráyè mọ́ bí ẹ́ńjìnnì ńlá ṣe jókòó, wọ́n ní láti yọ ọ́ dà nù kí wọ́n fi oríṣi mìíràn rọ́pò. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lord Rootes, bàbá ilé iṣẹ́ náà, wà á fúnra rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ lójú débi pé òun fúnra rẹ̀ ló kàn sí Henry Ford Kejì, ẹ́ńjìnnì 3,000 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní kí Ford kó wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1964, Tiger yọjú síta níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní New York.

Bí ọkọ̀ náà ṣe ń di ọkọ̀ yẹ fún wíwò. Wọ́n á ti ṣe ara rẹ̀ tán, wọ́n á ti kùn ún lọ́dà, kó tó dé ọ̀dọ̀ Jensen ní West Bromwich, níbi tí wọ́n ti ń gbé ẹ́ńjìnnì sí i. Ogiri irin tó là á láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wọlé. Òṣìṣẹ́ á wá gbé òòlù ńlá, á lu ogiri náà wọnú, lára ọkọ̀ tuntun tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán, kí V8 tó lè yọ́ wọlé. Bó bá wọlé tán, púlọ́ọ̀gì tó wà lẹ́yìn pátápátá á fara pa mọ́ sẹ́bàá ogiri débi pé ọwọ́ mẹkáníìkì ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n lu ihò sí ogiri náà, wọ́n fi rọ́bà dí i. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì yẹn á lọ tẹ̀ síbi ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀, á yọ rọ́bà, á ki irinṣẹ́ bọ ihò. Ọkọ̀ tó rí báyìí ti bá ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo so yìgì. Òmíràn ò lè bá a gbé.

Lọ́dún 1964 kan náà tí Tiger jáde, owó ti ń wọ́n Rootes lọ́wọ́, Chrysler ti Amẹ́ríkà sì ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Lord Rootes kú. Nígbà tó fi di 1967, Chrysler ti gba ìjókòó ọ̀gá pátápátá. Ford ni ọ̀tá Chrysler látilẹ̀ wá, ọkọ̀ tó sì ń fi ẹ̀rọ Ford yangàn ti wá di tiwọn. Wọ́n yọ orúkọ Ford kúrò lára ọkọ̀, wọ́n kọ Sunbeam V-8 síbẹ̀. Ìyẹn ò yí ohun tó wà nínú padà. Wọ́n wá bi ara wọn pé ṣé ẹ́ńjìnnì tiwọn ò lè wọ ibẹ̀ ni.

Chrysler ní V8 kékeré tó ń jẹ́ 273. Lítà rẹ̀ ò ju 4.5 lọ, ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀ á ní òun àti ti Ford ò jìnnà síra. Àmọ́ ó tóbi ju ti Ford lọ, bẹ́ẹ̀ ni disitíríbútọ̀ rẹ̀, èyí tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ló wà, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti dojú kọ ogiri irin. Ti Ford wà níwájú, lọ́dọ̀ radiétọ̀, níbi tí àyè wà. Lára ogiri tí wọ́n ti fi òòlù lù kí Ford lè wọlé, níbo ni disitíríbútọ̀ Chrysler fẹ́ kọjá? Àfi kí wọ́n tún iwájú ọkọ̀ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, Chrysler ò sì rí owó ná sórí ìyẹn. Ọdún 1967 náà ni wọ́n dá Tiger dúró, lẹ́yìn tí èyí tí wọ́n ṣe ti lé ní 7,000 díẹ̀. Ní 1978, Chrysler ta gbogbo ohun tó ní nílẹ̀ Yúróòpù fún Peugeot. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ ò lè parun, Tiger sì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ títí dòní. Ó kàn dùn mí ni pé ọkọ̀ tí kò ní àbùkù lójú ọ̀nà kú torí ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n ń yan ẹ́ńjìnnì.

Chrysler kankan ò ní wá ra àgbàlá ẹni tó ń to ẹ̀dà nílé. Ọ̀rọ̀ disitíríbútọ̀ ń bẹ nílẹ̀ fún un síbẹ̀. Ara Cobra kéré, ó sì fún mọ́ ẹ́ńjìnnì. V8 kékeré ti Ford, irú 289 àti 302, gbé disitíríbútọ̀ síwájú. Ti Chevrolet àtijọ́ gbé e sẹ́yìn, nítòsí ogiri, gẹ́gẹ́ bí ti Chrysler. Ẹni tó bá fẹ́ Chevrolet lè ṣe é, ọ̀pọ̀ ti ṣe é, kó ṣáà ti wọn ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì náà kó tó sanwó. Kó wo ibi tí agbada ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ti jìn, bóyá iwájú tàbí ẹ̀yìn, kó wo ibi tí salẹ́ńsà máa gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn. Àwọn tó ń ta àkójọ ẹ̀yà fún kíkọ́ ẹ̀dà ti máa ń yan ẹ́ńjìnnì lọ́kàn kí wọ́n tó jó ṣaasí. Mustang ti Ford ni ilé iṣẹ́ Factory Five, ní Massachusetts, fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀dà Cobra tiwọn, torí náà 302 tó ti inú Mustang jáde máa ń bá gíábọ́ọ̀sì àti wáyà rẹ̀ wọlé láìjà. Ìdí nìyí tí èmi fi máa ń dúró lẹ́yìn 302.

Ẹni tó bá sì rò pé orúkọ Ford nìkan ti tó, kó gbé Coyote, V8 lítà márùn-ún tó wọ Mustang ti 2011, wá sídìí ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ fún 302. Lítà wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, Ford sì ni àwọn méjèèjì. Àmọ́ kámúṣáàfù mẹ́rin ló wà lórí Coyote, ìyẹn sì mú kó fẹ̀ ju 302 lọ lápá òkè. Wọ́n ní láti ṣe àyè fún un lọ́tọ̀.

Orúkọ ti tan àwọn tó ra Cobra gidi pàápàá. Ní 1965 Shelby gbé èyí tó tóbi jáde, 427 lorúkọ rẹ̀, láti ara ẹ́ńjìnnì lítà méje tí Ford ṣe fún ìdíje. Nígbà tó yá, wọ́n gbé 428 sínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà fún ojú títì. Létí, 428 dà bí ẹni pé ó ju 427 lọ. Àmọ́ ọkọ̀ ńlá onírọ̀rùn ni wọ́n ṣe 428 fún, owó rẹ̀ sì kéré. Ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá, ojú wọn sì jọra. Àfi kéèyàn tẹrí ba wo ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì náà. Ti 427 ní orí bóòtù tó tò síbẹ̀, àwọn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé lọ di kíráǹkì mú kó má mì nígbà tí eré bá le. Ti 428, kò sí bóòtù níbẹ̀.

Tiger náà ní ẹ̀dà tirẹ̀. Àwọn kan ń gbé V8 sínú Alpine lásán, wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Alger. Èmi ò rí ẹ̀bi nínú rẹ̀ bí ẹni tó kọ́ ọ bá pè é ní Alger lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Torí àwọn tí kì í pè é bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn oní-Tiger fi ní àwọn tó ń yẹ ara ọkọ̀ wò, tí wọ́n sì ń fún Tiger gidi ní ìwé ẹ̀rí.

Ìwé ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń to ẹ̀dà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí pẹ̀lú. Ìjọba á yẹ ọkọ̀ náà wò kó tó gba nọ́ńbà, ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì fi ń mọ bí èéfín rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó. 302 tí wọ́n rọ ní 1970 ní òfin tirẹ̀, èyí tó jáde lánàá ní tirẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára irin àti ìwé tó fi ọdún rẹ̀ hàn ni kí ẹni tó ń rà á béèrè kó tó kó owó jáde, yálà Ford ni o, yálà Chevrolet ni.