Ṣé Edé Wà Nínú Rẹ̀? Ìbéèrè Tí Ó Yẹ Kí A Máa Fi Òtítọ́ Dáhùn

 

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ohun tí ó jẹ́ haráàmù. Edé ni. Ní ìlànà Imáàmù Málíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, ẹ̀tọ́ ni edé jíjẹ, kò sì sí ẹni tí yóò bá wa wí pé a fi í sọ́bẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ń bẹ láàárín wa, ọmọdé àti àgbà, tí edé tí kò kún ṣíbí lè rán lọ sí sàréè. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jókòó ti oúnjẹ wa, tí ó sì béèrè wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé edé wà nínú rẹ̀?”, kí ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ lára wa? Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọlọ́hun fi ohun kan sí ara ọmọ ènìyàn tí ó dà bí ọmọ ogun, tí ń bá àrùn jà. Lára àwọn mìíràn, àwọn ọmọ ogun yìí a máa ṣi edé mú, wọn a rò pé ọ̀tá ni. Wọn a gbé ìjà dìde, ìjà náà ni ó sì ń pa onítọ̀hún lára. Ara yóò máa yún un, yóò sì so kókó. Ètè àti ojú yóò wú. Inú yóò máa run ún, yóò sì máa bì. Bí ó bá le, ọ̀nà ọ̀fun yóò fẹ́ dí, èémí kò ní já gaara mọ́, òòyì yóò kọ́ ọ, yóò sì ṣubú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn ó lè tó wákàtí kan tàbí méjì. Àlẹ́jì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Kì í ṣe èèwọ̀ ìdílé, kì í ṣe fáàrí, kì í sì í ṣe àìmoore. Èròjà inú edé tí ó sábà ń fa ìjà yìí, tí wọ́n ń pè ní tropomyosin, kì í kú sínú iná. Bí a sè é títí ilẹ̀ fi ṣú, ibẹ̀ ni yóò wà. Irú rẹ̀ wà lára akàn pẹ̀lú, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tí edé ń bá jà kò fi lè jẹ akàn. Ẹja yàtọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ ẹja láìsí wàhálà.

Bí ó bá ṣe pé edé a máa jókòó sórí abọ́ bí ẹran ni, ọ̀rọ̀ ìbá rọrùn. Lílọ̀ ni à ń lọ̀ ọ́. Bí ó bá ti kúnná, tí ó sì wọ inú ọbẹ̀ lọ, ojú kò rí i mọ́. Ó wà nínú ẹ̀fọ́ rírò, nínú ẹ̀gúsí, nínú àpọ̀n, nínú mọ́ínmọ́ín, nínú àsáró, nínú ìkọ́kọrẹ́ àwọn ará Ìjẹ̀bú. Ẹlòmíràn a máa fi sí àkàrà. Ó wà nínú àwọn èròjà amọ́bẹ̀dùn kan tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gúsí tí a kò fi edé sí pàápàá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ lọ́jà lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ edé tán. Ṣíbí tí a fi bu ọbẹ̀ tí ó ní edé, òun kan náà ni a tún ń tì bọ ìkòkò kejì. Ojú ẹni tí ó fẹ́ jẹun kò lè gbà á nínú èyí. Ẹnu ẹni tí ó sè é ni ó lè gbà á.

Àwọn kan a sì máa dáhùn pé, “Jẹ ẹ́ jàre, díẹ̀ ni, kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan.” Ní ọdún 1902, àwọn onímọ̀ méjì ará Faransé, Charles Richet àti Paul Portier, fún àwọn ajá kan ní oró ẹ̀dá inú òkun. Nígbà tí ó ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n tún fún ajá tí ara rẹ̀ ti yá ní ìwọ̀nba tí ó kéré. Kò pẹ́ tí ajá náà fi kú. Iṣẹ́ yìí ni Richet torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1913. Ara tí ó bá ti ka nǹkan sí ọ̀tá kì í dúró wo bí ó ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ lánàá tí ara kàn yún un, èémí rẹ̀ lè há lónìí. Àwọn àgbà wa ti wí i pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Nínú hádíìsì tí Imáàmù Muslim gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń kọjá lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ń ta oúnjẹ. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tí ó tutù. Ọlọ́jà náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára òun. Ẹ ṣàkíyèsí pé òjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà. Fífi tí ó fi ibi tí ó tutù sábẹ́ ni ẹ̀bi rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti edé. Fífi í sọ́bẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; ṣùgbọ́n bí a bá bi wá, tí a sì bò ó mọ́lẹ̀ nítorí kí àlejò lè jẹun, a ti fi ohun tí ó yẹ kí ó wà lókè sábẹ́.

Amánà ni ìdáhùn náà. Ẹni tí ó béèrè ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Ẹni tí ń pín oúnjẹ níbi wòlímọ̀ tàbí níbi ìṣínu kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó sè é. Bí kò bá mọ̀, “N kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n béèrè” ni ìdáhùn tí ó pé. Ẹni tí ó sọ pé “Kò sí” láìmọ̀ ti jẹ́ ẹ̀rí ohun tí kò rí, bí ó tilẹ̀ wá jẹ́ pé edé kò sí níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹnì kan lè wí pé, “Ṣé gbogbo ẹni tí ó wá síbi ìnáwó ni a ó máa ka èròjà ọbẹ̀ fún?” Rárá o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni òfin ti mú un ní dandan fún ilé oúnjẹ láti sọ fún oníbàárà bí ọ̀kan nínú ohun mẹ́rìnlá tí ó sábà ń fa àlẹ́jì bá wà nínú oúnjẹ. Edé àti akàn wà lára wọn. Òfin yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ta oúnjẹ ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òfin kì í tẹ̀ lé ìkòkò sàárà. Ọlọ́hun ni ó ń ṣọ́ wa nídìí rẹ̀. Ohun tí à ń wí kò sì nira: kí a bu ọbẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ kí a tó da edé sí i, kí a fi ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀, kí a sì dá ẹni tí ó bá béèrè lóhùn.

Ibì kan tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ba ilé jẹ́. Ẹnì kan lè jẹun níbi ìkómọ, kí ojú rẹ̀ wú, kí ó sì ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, àwọn kan yóò ti máa sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé májèlé ni ìyáálé fi sí i. Edé ni ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ ọlọ́rúkọ ni ó bàjẹ́. Ọlọ́hun sì ti kìlọ̀ fún wa nínú Súrátù Hujurát nípa àbá búburú tí à ń dá sí ara wa. Ilé tí wọ́n bá ti ń sọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò ní gbangba, irú àbá bẹ́ẹ̀ kì í rí ibẹ̀ gbé.

Ẹ̀yin tí edé ń bá jà, iṣẹ́ wà lọ́rùn tiyín náà. Abéèrè kì í ṣìnà. Wọ́n gbé ẹran kan tí ó dà bí aláǹgbá ńlá inú aṣálẹ̀ síwájú Ànábì. Kò jẹ ẹ́, ó ṣàlàyé pé kò sí ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn òun. Khalid ọmọ Walid jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, kò sì kọ̀ fún un. Ẹ lè kọ oúnjẹ láìbú oúnjẹ, láìsì sọ ọ́ di haráàmù fún ẹlòmíràn. Ẹ sọ fún tíṣà yín, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ẹ sì sọ fún àna yín kí yìgì tó so. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi edé sínú oúnjẹ ọ̀rẹ́ yín ní ìkọ̀kọ̀ láti mọ̀ bóyá irọ́ ni ó ń pa. Bí ó bá kú, ta ni ẹ ó bẹ̀?

Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, epo pupa àti mílíìkì kọ́ ni oògùn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ adrenaline tí a gún sí ẹ̀gbẹ́ itan ni ó ń dá a dúró. Oògùn ara yíyún tí à ń gbé mì nìkan kò tó bí èémí bá ti ń há. Ẹ sáré gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, nítorí ó lè tún padà dé.

Súrátù Máídà, tí a fi tábìlì oúnjẹ sọ lórúkọ, ni Ọlọ́hun ti fi yé wa bí ẹ̀san ẹni tí ó gba ẹ̀mí kan là ti tóbi tó. Kí Ọlọ́hun Ọba fi ìlera sínú oúnjẹ tí à ń fún ara wa jẹ, kí Ó sì fi òtítọ́ sí wa lẹ́nu nígbà tí a bá bi wá léèrè. Àmín.