Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ilé?

Gbólóhùn kan wà tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé wa ní Adó-Èkìtì bí ọdún bá ti dé, ì báà jẹ́ Kérésì, ì báà jẹ́ Àjíǹde, ì báà jẹ́ Iléyá. Àwọn ọmọ ti Èkó dé, àwọn mìíràn ti Àbújá dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí ibi ìgbafẹ́, kí wọ́n lọ wo omi. Mọ́tò ti wà lẹ́nu ọ̀nà, kúlà ti wà nínú búùtù, àwọn ọmọdé ti ń jà nítorí ẹni tí yóò jókòó sí ojú fèrèsé. Ìgbà náà ni ìyá àgbà yóò gbẹ́nu sókè láti orí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò ní, "Ẹ máa lọ o. Èmi á ṣọ́ ilé." Gbogbo ilé á dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Mà. A ó ra nǹkan bọ̀ fún yín." Ó parí, mọ́tò gbéra.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni ó wà nínú ilé náà gan-an tí olè fẹ́ gbé, tí arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún tí orúnkún ń dùn yóò fi dìde lé olè náà? Kò sí. Ìyá mọ̀ pé kò sí, àwa náà mọ̀. Ọ̀nà ni ó fi ọ̀rọ̀ náà là fún wa kí ojú má baà tì wá. Ó ti wo ọkọ̀, ó ti ka iye orí tí yóò wọ̀ ọ́, ó ti rántí àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀, ó sì ti yọ ara rẹ̀ kúrò kí ẹnikẹ́ni tó yọ ọ́. Ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí ni pé, bí àgbà bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ yọ ara rẹ̀, ṣé ọrùn wa ti mọ́ nìyẹn?

Ó yẹ kí n sọ bí ilẹ̀ wa ti rí. Èkìtì kò ní òkun. Òkìtì, ìyẹn òkè, ni wọ́n ní orúkọ wa ti wá, ẹni tó bá sì mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé bí èèyàn kò bá ń gun òkè, á jẹ́ pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Omi kì í sì í gbé orí òkè. Omi tiwa tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti Ìkọ́gòsì, ní Ìwọ̀ Oòrùn Èkìtì. Láti Adó, ẹ ó gba Ìyìn, ẹ ó gba Ìgèdè àti Àrámọkọ, ẹ ó kọjá ní Èrìjìyàn kí ẹ tó dé ibẹ̀. Omi gbígbóná ń ṣàn lọ́tọ̀, omi tútù ń ṣàn lọ́tọ̀, títí wọ́n fi pàdé, tí olúkúlùkù sì di ìwà rẹ̀ mú síbẹ̀. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé ìyàwó ọkùnrin kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan onínú fùfù, èkejì onísùúrù. (Èyí tó jẹ́ onínú fùfù ni gbogbo èrò ń wá wẹ̀ lára rẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.) Àwọn Oníìtẹ̀bọmi, pẹ̀lú Rev. John McGee tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ibi ìsinmi ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, kí ìjọba tó wá tún un ṣe. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni omi Àríǹta ti ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlọrọ̀.

Ṣùgbọ́n òkun ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa ń fà sí. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí a jọ jẹ́ ọ̀kan títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Iyanrìn Àràròmí dára púpọ̀. Àmọ́ kí ẹni tó ń lọ ṣe fàájì níbẹ̀ rántí pé ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947 tí wọ́n ń pè ní Ìlú Aláyọ̀, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé mì. Ohun tí à ń fi owó wá wò, ohun tí ẹlòmíràn ń sá fún ni. Èkó ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ, ìrìn tó lé ní 300 kìlómítà. Báà Bíìṣì tí àwọn òbí wa mọ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ti lọ wo bí wọ́n ti yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì ní 1971, ti di ilẹ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic. Àwọn etí òkun tí à ń lọ báyìí, iyanrìn wọn jìn, ọ̀pọ̀ sì ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdílé kan wà ní àdúgbò wa. Ìyá wọn ta iyọ̀ àti ẹja ní Ọjà Ọba fún ogójì ọdún, òun ló sì fi owó náà rán ọmọ márùn-ún níwèé. Kò rí òkun rí. Nígbà tí ó di ọdún méjìlélọ́gọ́rin, àkọ́bí rẹ̀ tó ń gbé Èkó ní ó tó gẹ́ẹ́, ìyá òun yóò rí òkun. Wọ́n gbé e lọ tòun ti ọmọ, ọmọ-ọmọ, àti ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ. N kò ní dárúkọ etí òkun náà. Wọ́n dé ibi tí mọ́tò ń dúró sí. Láti ibẹ̀ dé ibi omi kò ju bí ìgbà tí èèyàn bá ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé ìyá sórí kẹ̀kẹ́ arọ, àwọn ọmọkùnrin méjì tì í, táyà rì dé àárín. Wọ́n tún un tì, ó tún rì. Àkọ́bí ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín." Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí wọ́n má sọ òun di ìran wíwò lójú àwọn ọmọ tó wọ péńpé. Ni wọ́n bá dá a padà sínú mọ́tò, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Ó jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ó ń gbọ́ ariwo òkun, kò rí i, nítorí ògiri kan àti àwọn ìsọ̀ ẹlẹ́ran sísun ló wà níwájú.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ronú kan nǹkan. Ó wá ike omi tó ti ṣófo, ó bu òkun sínú rẹ̀, ó sáré gbé e wá. "Màmá àgbà, òkun rèé o." Ìyá ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Iyọ̀ ni lóòótọ́. Ọmọ rẹ̀ ni mo fi ogójì ọdún tà."

Ẹ̀gbọ́n tó sọ ìtàn yìí fún mi ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì ń pọ́n. N kò bú wọn o. Wọ́n gbìyànjú ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Ìyá wọn kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà nínú ike omi yẹn ni pé ìyá fẹ́ mọ òkun. Gbogbo ìgbà tó ń sọ pé òun á ṣọ́ ilé, ó fẹ́ mọ òkun.

Àwọn kan á ní kí ni arúgbó fẹ́ fi òkun ṣe. Gbèsè tí ọmọ jẹ òbí, oúnjẹ ni, oògùn ni, ilé tí kò jò ni, ìsìnkú tó yẹ ni. Ta ló fi fàájì kún un? Mo mọ̀ pé èrò yìí ti pẹ́ láàárín wa, mo sì rò pé kò tọ́. Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. A ti túmọ̀ òwe yìí sí oúnjẹ títí ó fi gbó. Ọmú kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Ọmọ tó ń mu ọmú, wọ́n gbé e mọ́ àyà ni, wọ́n ń bá a ṣeré, wọ́n ń gbé e kiri ibi tí ariwo àti àwọ̀ wà. Bí a bá ń gbé àwo ẹ̀bà síwájú àgbà nínú yàrá tí kò rí ju ògiri mẹ́rin lọ, ìdajì òwe náà la san.

Ẹ tún wo ti ìsìnkú. Lọ́jọ́ tí ìyá yẹn bá kú, wọ́n á gbà àwọn géńdé tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Àwọn géńdé wọ̀nyí á gbé pósí sí èjìká, wọ́n á jó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á gòkè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, fèrè á sì máa dún níwájú. Kò sí àtẹ̀gùn tí yóò ṣòro. Kò sí iyanrìn tí yóò jìn jù. Ara kan náà ni o, ó ti tún wúwo sí i pẹ̀lú igi àti irin. Owó tí wọ́n á ná lọ́jọ́ kan yẹn tó gbé e lọ sí etí òkun lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú tí ìyá náà sọ kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ṣá. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n kò mọ ìtìjú. Àgbà mọ̀ ọ́n. Gbígbé èèyàn kò tó, a ní láti tún ọ̀nà ṣe kí ó lè fi ọlá rẹ̀ dé ibẹ̀. Ìyẹn kò sì le tó bí à ń ṣe é. Kẹ̀kẹ́ arọ tí a mọ̀, táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo ìwọ̀n ara ń tẹ ojú kékeré kan, iyanrìn á yà, táyà á rì. Bí wọ́n bá lo táyà gbọ̀ngbọ̀n tó wú bí bọ́ọ̀lù, ìwọ̀n náà á tàn ká, kẹ̀kẹ́ á sì yí lórí iyanrìn wọ́ọ́rọ́. Ó ti wọ́pọ̀ ní etí òkun ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan ń tẹ́ ẹní líle gígùn láti ibi mọ́tò dé ibi omi. Ní ilẹ̀ Gíríìsì, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Seatrac: irin tí a tẹ́ láti orí ilẹ̀ wọ inú òkun, àga kan ń rìn lórí rẹ̀, oòrùn ló ń fún un ní iná, ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ rìn á fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnì, á wọ omi láìbẹ ẹnikẹ́ni. Bí èyí bá wọ́n jù fún wa, kápẹ́ńtà wo ní Adó ni kò lè kan pákó pọ̀ kí ó fi ṣe ojú ọ̀nà? Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, fún gbogbo ibi tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Ẹ máa wo àtẹ̀gùn tí ẹ bá ń gùn.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọlọ́mọ kò tíì ṣàkíyèsí. Ohun tí arúgbó ń fẹ́ níbi omi àti ohun tí ọmọ ọdún méjì ń fẹ́, ọ̀kan náà ni: ilé ìyàgbẹ́ tí kò jìnnà, ibòji, ibi jíjókòó, omi tí kò jìn, ẹni tí kò kánjú. Ibi tí ó bá gba ìyá àgbà, ó ti gba ìyálọ́mọ tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwa tí ara wa ṣì le tó wà láàárín la kọ́ gbogbo ibẹ̀ fún ara wa nìkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti korò jù rèé. Ta ni yóò máa ti kẹ̀kẹ́ náà? Bí a bá ní kí gbogbo ẹbí jọ lọ, ní ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó ni yóò jí ní aago mẹ́rin láti se jọ̀lọ́ọ̀fù, òun ni yóò wẹ ìyá ọkọ, òun ni yóò mú un lọ tọ̀, òun ni yóò ṣọ́ àwọn ọmọ lójú omi. Ọkọ á wà lábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú ìgò rẹ̀, á máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ pé òun gbé ìyá òun jáde. Irú oore bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ló ń fi ẹ̀yìn rù ú. Mo ti gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ pé ilé ló ti máa ń sinmi, lẹ́yìn ìsinmi. Ọkùnrin tó bá fẹ́ kí ìyá òun rí òkun, kí ó kọ́ bí wọ́n ti ń mú ìyá ẹni lọ tọ̀.

Àgbà mìíràn wà tó fẹ́ ṣọ́ ilé tọkàntọkàn o. Ariwo ń rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ gbọ́ rédíò rẹ̀ ní ìdákẹ́rọ́rọ́. Kò yẹ kí a fi tipátipá gbé e. Ṣùgbọ́n kí a bi í lẹ́ẹ̀mejì, kí ìbéèrè kejì jẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti sọ fún un pé àga ti wà, àtẹ̀gùn kò sí, a ó sì dúró bó bá ní kí a dúró. Ìdáhùn tó bá fún wa nígbà yẹn ni kí a gbà.

Ti owó kò ṣe é fi ṣeré. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí owó jálá kan fò kọjá ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìrìn Ìkọ́gòsì lásán ti di ohun tí wọ́n ń ṣèpàdé lé lórí. Ẹbí kan tí mo mọ̀ ní ìhà Ìgèdè ń dá owó lóṣooṣù láti fi pamọ́ de òkú. Ní ìpàdé wọn tó kọjá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan dìde, ó ní kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó náà, kí wọ́n fi gba bọ́ọ̀sì kan tí àwọn arúgbó mẹ́rin tó kù nínú ẹbí lè wọ̀, kí wọ́n lọ fẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Akápò wọn fárígá. Ó ní bí ọ̀kan nínú wọn bá kú lóṣù tó ń bọ̀ ńkọ́, kí ni wọ́n á fi ra màlúù? Baba tó dàgbà jù nínú àwọn mẹ́rin náà wà níjòókòó. Ó ní òun kì í jẹ màlúù mọ́, eyín òun ti tán, ó wá béèrè pé ọjọ́ wo ni bọ́ọ̀sì náà ń lọ.