Ẹni Tó Ń La Ọ̀nà

Ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ kóòdù fún sọ́fítíwíà tí gbogbo ayé jọ ń lò, tí gbogbo ayé sì lè ṣí wò, kó kọ́kọ́ fi òwe yìí sọ́kàn, nítorí ẹlòmíì ni yóò bá a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n rí àṣìṣe òun kò tíì ṣe tán.

Wo Linux, ọ̀kan lára irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀. Ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, gbé e jáde. Lónìí, òun ló wà nídìí Android tí fóònù ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Ẹnìkan ló bímọ, igba èèyàn ló ń bá a wò ó. Ẹnikẹ́ni ló lè fi àtúnṣe ránṣẹ́, àmọ́ ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun. Ímeèlì ni wọ́n fi ń gba àtúnṣe. Ìṣòro kan ṣoṣo ni àtúnṣe kan gbọ́dọ̀ yanjú. Bó bá jẹ́ méjì lo rí, yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìlà "Signed-off-by" gbọ́dọ̀ gbé orúkọ rẹ, ẹ̀rí pé o lẹ́tọ̀ọ́ láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àní àlàfo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà pàápàá ní ìwọ̀n: táàbù kan, tó fẹ̀ tó lẹ́tà 8.

Èyí máa ń bí àwọn ọ̀dọ́ kan nínú. Wọ́n á ní kóòdù àwọn ṣáà ń ṣiṣẹ́, kí ló wá kan àlàfo? Àlejò lójú, kò fi ríran ni. Ẹni tí yóò tún kóòdù náà ṣe lẹ́yìn ọdún 10 ni àwọn onílé ń rò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè àlàyé: kí ló bàjẹ́, ta ló ń pa lára, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀nà yìí lo gbà? Lójú tèmi, àlàyé yìí ló ń fi ọ̀gá hàn ju kóòdù lọ. Ẹni tó kọ "mo tún nǹkan ṣe" ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó kọ pé "bí fáìlì bá ṣófo, ètò yìí á dákú, torí kì í wo gígùn rẹ̀ kó tó kà á" ti gba alábòójútó tó ń yẹ àtúnṣe wò lọ́wọ́ wàhálà.

Àmọ́ ká mọ iṣẹ́ nìkan ò tó. Ohun èlò kékeré kan wà tó ń jẹ́ xz, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó má gba àyè. Ẹnìkan ló ń dá tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan wá ń ràn án lọ́wọ́. Ó lé ní ọdún 2 tó fi ń ṣe dáadáa, ó sì ní sùúrù, títí wọ́n fi fọkàn tán an. Ní ọdún 2024, ó ri ọ̀nà ẹ̀bùrú tí olè lè gbà wọlé mọ́ ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, àárín àwọn fáìlì tí wọ́n fi ń dán iṣẹ́ wò ló sì gbé e pamọ́ sí. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Andres Freund, tó wà lára àwọn tó ń kọ PostgreSQL, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú ìsọfúnni, ló tú u. Ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nípasẹ̀ ssh, ohun èlò tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, ti ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá! Ẹlòmíì ì bá má kà á sí. Freund tọpa rẹ̀ dé ìdí, ó bá a nínú xz, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta kó tó tàn kálẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, àmọ́ òtítọ́ ò dá rìn lọ́jọ́ náà. Jia Tan àti Freund, àwọn méjèèjì mọṣẹ́; ìwà ni wọn ò jọ ní.

Bí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, má wá iṣẹ́ ńlá. Ka ìlànà àwọn tó ń tọ́jú sọ́fítíwíà náà tán. Mú àṣìṣe kan tó ń dà ọ́ láàmú nínú ohun tí ìwọ fúnra rẹ ń lò, tún un ṣe, ṣàlàyé rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a padà, má fa ìjà. Kọ "v2", ìyẹn ẹ̀dà kejì, sí orí ímeèlì tó kàn, sọ ohun tí o yí padà, kí o sì fi ránṣẹ́.