Ohùn Tí Mo Rẹ̀ Sílẹ̀

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú kí iná tó jó Ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìíní ọdún 2020, mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan lọ sí ìlú Ọ̀yọ́ láti gba ìlù ẹgbẹ́ onídùndún kan sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Irú ẹ̀rọ tí ó ń sọ ohùn di nọ́ńbà ni, tí ó sì ń fi ohùn kọ̀ọ̀kan pamọ́ sí ipa tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyáàlù gba ipa kìíní. Gángan, ìsáájú, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú sì tẹ̀ lé e. Ó ku gbohùngbohùn kan lọ́wọ́ mi. Mo kọjú rẹ̀ sí ọjà, kì í ṣe nítorí ìdí kan pàtó, bí kò ṣe pé n kò fẹ́ kí ó wà lásán.

Nígbà tí mo padà dé yàrá iṣẹ́ mi ni iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ipa kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀pá kékeré tirẹ̀ lójú ẹ̀rọ: bí a bá tì í sókè, ohùn a ga; bí a bá fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ohùn a dákẹ́. Ṣùgbọ́n òrùlé wà. Òdo ni wọ́n ń pè é, ohùn tí ó bá sì kọjá rẹ̀ a fọ́. Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí a ń gbà á sílẹ̀ ni ó ti fọ́, kò sí bí a ṣe lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà tí yóò tún san. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìyáàlù yọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi decibel 6 dín gúdúgúdú kù, èyí tí ó sọ gíga ìgbì rẹ̀ di ìdajì. Mo fa ọjà dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyáàlù wá ṣe kedere, inú mi sì dùn.

Kì í ṣe ẹ̀rọ yìí ni ó kọ́ ènìyàn ní irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pé gbohùngbohùn kan ṣoṣo ni a ń lò, ibi tí a bá ní kí onílù dúró sí ni ìwọ̀n ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kí ó lọ sẹ́yìn mọ̀ pé ẹ̀yìn ni òun wà, ó sì lè bínú kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk tí Hárúnà Ìṣọ̀lá dá sílẹ̀ fi dé Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, pẹ̀lú ẹ̀rọ onípa 24, ẹjọ́ náà ti di ohun tí a lè dá lẹ́yìn tí àwọn onílù bá ti lọ sílé.

Ẹnìkan lè ní kí gbogbo ohùn kúkú dọ́gba. N kò gbà. Bí gúdúgúdú bá bá ìyáàlù dọ́gba lójú ẹ̀rọ, yóò máa gún ènìyàn létí. Etí ta sì ni a fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n? Ẹni tí onílù tẹríba kì gbọ́ ìyáàlù ju ohunkóhun lọ. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tí gúdúgúdú dúró tì kò gbọ́ ju gúdúgúdú lọ. Ọ̀rọ̀ gángan ni: bí ó ti kọjú sí ẹnìkan ni ó kẹ̀yìn sí ẹlòmíràn. Nítorí náà, n kò rò pé inú rírẹ ohùn sílẹ̀ ni irọ́ wà. Èmi ti pa irọ́ tèmi nígbà tí mo dúró níwájú kíláàsì tí mo sọ pé, “Ìlù dùndún ní Akẹ̀sán nìyí,” tí n kò sì sọ pé mo ti yọ Akẹ̀sán kúrò.

Lẹ́yìn tí ọjà jó, ọ̀kan nínú àwọn onílù náà wá bá mi. Ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ níbẹ̀. Ó bi mí bóyá ariwo ọjọ́ yẹn ṣì wà. Ó ṣì wà, nítorí pé ẹ̀rọ yìí kì í pa ohun tí a rẹ̀ sílẹ̀ rẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì onípa mẹ́rin tí mo lò nígbà èwe mi ni, níbi tí a ti ń da ipa méjì pọ̀ sínú ọ̀kan kí àyè lè ṣẹ́ kù, bóyá ni à bá rí nǹkan kan. Mo fa àwọn ìlù sísàlẹ̀, mo ti ọjà sókè. Obìnrin kan ń ná elùbọ́. Ọ̀kadà kọjá. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ó sì dáhùn pé, “Ẹ ṣé o!”

Onílù náà ní kí n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè pé, “Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ pa wọ́n lẹ́nu mọ́?”

Mo ní kí ọ̀rọ̀ ìyáàlù lè yé àwọn ọmọ ni.

Ó ní, “Àwọn yẹn náà kúkú ni ìyáàlù ń kí.”

Mo ti dá ọjà padà sípò báyìí, kò ga púpọ̀, mo sì kọ ìwọ̀n ipa kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Ibi méjì wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ráhùn pé àwọn kò gbọ́ ohun tí ìyáàlù wí dáadáa mọ́. Wọn kò purọ́. Ní ibi kejì, ẹ̀rín obìnrin yẹn ni ó bò ó mọ́lẹ̀.