Agbọ́-Ẹjọ́-Ẹnìkan-Dá: Ọ̀rọ̀ Ìfura, Ìgbàgbọ́ àti Ẹ̀rọ tí Ń Darí Ara Rẹ̀

Kò sí ọmọ bíbí Ìrè-Èkìtì, ìlú tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́ lónìí, tí kò gbọ́ lẹ́nu àwọn baba rẹ̀ bí Ògún Onírè, Lákáayé, Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀, ṣe ti ojú ogun dé ní ọjọ́ àjọ kan tí a kì í fọhùn níbẹ̀, tí ó rí agbè ẹmu lórí ìdúró, tí ó bèèrè tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, tí ó gbé agbè náà tí ó bá a lófìfo, tí ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Idà yọ nínú àkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ orí àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ó tó yé e pé èèwọ̀ ọjọ́ náà ni ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìtàn náà sọ pé inú ilẹ̀ ni ó wọ̀ lọ nígbà tí ó mọ ohun tí ó ṣe.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ìtàn yìí kìlọ̀ ìbínú fún ọmọ wọn, wọn kò sì ṣì í ṣe. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni ó máa ń gbà mí lọ́kàn nínú rẹ̀. Idà Ògún kò kùnà, apá rẹ̀ kò tàsé, ohun gbogbo tí ó yẹ kí irin ṣe ni irin ṣe. Ìròyìn tí ojú mú wá fún ọkàn ni kò tọ́, ọkàn kò sì wá ẹlẹ́rìí kejì kí ó tó dájọ́. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, ni àwọn àgbà wí, n kò sì mọ òwe tí ó bá ayé tí a wà yìí wí tó o, nítorí pé irin ti kúrò ní ohun tí ọwọ́ ènìyàn ń jù, ó ti di ohun tí ń darí ara rẹ̀.

Ọ̀nà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro í yé ni. Sẹ́ńsọ̀ ń wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà ń fi ohun tí sẹ́ńsọ̀ sọ wé ohun tí a fẹ́, ó sì ń pàṣẹ fún mọ́tò tàbí apá irin tí yóò ṣe àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò sì máa ṣe é láìsinmi. Kọ̀ǹpútà náà kò fojú rí ayé rí. Ohun tí a bá sọ fún un ni ó gbà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ jáde ní 1986, ohun tí àwọn àgbà náà fi yé wọn ni pé èyí tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀; èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bí ó ti wù kí ẹni náà ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó, ìgbàgbọ́ ni, a sì ní láti yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó dúró lé e lórí. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn àgbà wọ̀nyí wọn ẹ̀rọ, kò sí ọ̀kan lábẹ́ ọ̀run tí ó ní ìmọ̀. Onígbàgbọ́ ni gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2019, ọkọ̀ òfuurufú Boeing 737 MAX ti ilé-iṣẹ́ Ethiopian Airlines gbéra ní Addis Ababa, ó dorí kọ Nairobi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adésanmí wà nínú rẹ̀, ọmọ Ìsánlú ní ilẹ̀ Yàgbà, aládùúgbò àwa tí ilẹ̀ wa bá ìpínlẹ̀ Kogí pààlà níhà Ìkọ̀lé, òǹkọ̀wé tí gègé rẹ̀ mú ju abẹ lọ, olùkọ́ ní Yunifásítì Carleton ní Kánádà, ẹni ọdún 47 péré. Ọkọ̀ náà ní sẹ́ńsọ̀ méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, tí ń wo bí ìyẹ́ rẹ̀ ṣe dagun sí afẹ́fẹ́. Kò pẹ́ tí ó gbéra tí ti òsì fi sọ pé ìdagun náà ti di ìwọ̀n 74.5, nígbà tí ti ọ̀tún ń sọ pé ó fi díẹ̀ lé ní 15. Ọmọdé tí ó mọ òǹkà yóò mọ̀ pé irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n apá kan nínú ètò ọkọ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní MCAS, ẹnu sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ láti máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ti òsì ni ó gbọ́ lọ́jọ́ náà, ó gbà pé imú ọkọ̀ ti ga jù, ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, àwọn awakọ̀ ń fà á sókè, òun ń tì í sílẹ̀, títí ọkọ̀ fi já lulẹ̀ nítòsí Bishoftu lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 6. Ènìyàn 157 ni ó bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni irú ọkọ̀ kan náà ti pa ènìyàn 189 ní Indonesia ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, sẹ́ńsọ̀ kan tí ń parọ́ sì wà lára ohun tí ó fà á. Pańsá kò fura, pańsá jáná; àjà kò fura, àjà jìn.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ló dé tí a kò kọ́ gbogbo ẹ̀rọ láti máa fura? Wọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀ tipẹ́. Láti ìgbà tí Richard Beard ti kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní MIT ní 1971, ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ ń tọ̀ ni pé kí ìṣirò máa sọ ohun tí ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ dá yẹ kí ó ṣe, kí a sì máa yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ẹ̀rọ ṣe gan-an: bí ohun tí ó ṣẹ́kù bá sún mọ́ òdo, àlàáfíà ni, bí ó bá pọ̀, àrùn ti wọlé. Ìbá rọrùn bẹ́ẹ̀ bí ìṣirò wa bá bá ayé mu pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹrù ọkọ̀ òní kì í ṣe ti àná, afẹ́fẹ́ ń yí padà, irin ń jẹ, kò sì sí ìṣirò ènìyàn tí ó gba gbogbo rẹ̀ tán; nítorí náà ohun tí ó ṣẹ́kù kì í di òdo, àní nígbà tí ara ẹ̀rọ bá le koko bí ọta.

Olóko tí ń ṣọ́ iṣu rẹ̀ lóru mọ ìyà yìí. Ewé mì: ṣé afẹ́fẹ́ ni, àbí olè? Bí ó bá ń dìde sí gbogbo ewé tí ó mì, yóò rẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi ní lè dìde mọ́ lọ́jọ́ tí olè bá dé. Bí ó bá ní afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ yóò mọ́ bá ebè òfìfo. Ó ní láti fa ìlà kan sí ọkàn rẹ̀ pé, bí mímì bá kọjá báyìí, n ó dìde. Ìṣirò lè sọ fún wa bí igbe asán yóò ti pọ̀ tó bí ìlà náà bá rẹlẹ̀, àti bí ewu tí a kò rí yóò ti pọ̀ tó bí ó bá ga. Kò lè sọ èwo nínú àdánù méjèèjì ni ó yẹ kí a fara mọ́, tàbí ta ni yóò jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwà ni èyí, n kò sì gbà fún ẹni tí ó bá fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ ìṣirò.

Ẹ wo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka aláìsàn, ní Ìdó-Èkìtì níbi tí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà, àti níbi gbogbo láyé, láti mọ bí ọ́ksíjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti tó. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń tàn gba inú ìka kọjá. Ìka tí ó tutù, ọwọ́ tí ń gbọ̀n, làálì tí ó wà ní èékánná, gbogbo wọn lè mú un kígbe lásán, etí nọ́ọ̀sì a sì di sí i. Èyí tí ó burú jù ni èyí tí kò kígbe rárá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde nínú New England Journal of Medicine pé, láàárín àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ yìí sọ pé ọ́ksíjìn wọn tó, ìdá àwọn aláwọ̀ dúdú tí tiwọn ti lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ mọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Bí wọ́n ti ṣe é ni ó wà. Bí a bá fi méjì rẹ̀ há ìka méjì, ohùn wọn yóò ṣọ̀kan, irọ́ kan náà ni wọn yóò sì jọ pa.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kejì yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ẹlẹ́sìn: Òfin Mósè béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, Àlùkùránì náà sì pàṣẹ ẹlẹ́rìí méjì lórí gbèsè. Síbẹ̀ mo ti gbọ́ lórí pẹpẹ pé ẹni tí ó bá yẹ ọ̀rọ̀ wò ti ṣẹ̀ sí ìgbàgbọ́, inú mi kò sì dùn sí i rí. Ẹ rántí Gídíónì inú Bíbélì, tí ó ń wá àmì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ní òru àkọ́kọ́ ó ní kí ìrì sẹ̀ sórí irun àgùntàn nìkan, kí ilẹ̀ gbẹ. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irun a máa fa omi mọ́ra, ilẹ̀ a sì máa tètè gbẹ: ojú ọjọ́ lásán lè ṣe é. Ní òru kejì ó yí ìbéèrè padà, kí irun gbẹ, kí ilẹ̀ tutù, èyí tí ojú ọjọ́ kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Ọlọ́run kò bínú sí i. Ó dá a lóhùn. Babaláwo tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ náà kì í fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ mọ ní ẹ̀ẹ̀kan. A máa ní kí ẹni tí ó wá dá Ifá fi ìbò, àmì bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, pamọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, láìjẹ́ pé babaláwo mọ èwo ni ó wà níbo, kí Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ láìsí àbòsí. Ẹlẹ́rìí kejì tí ó wúlò ni èyí tí kò lè ṣìnà ní ọ̀nà tí àkọ́kọ́ gbà ṣìnà. Ẹni tí ó gba Ọlọ́run gbọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ èyí.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n tó gbà ní Amẹ́ríkà kí 737 MAX padà sí òfuurufú. Ó ti ń gbọ́ ẹnu sẹ́ńsọ̀ méjèèjì báyìí. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n 5.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra, MCAS yóò jókòó jẹ́ẹ́. Kò sí ohun tí ó wà nínú àtúnṣe yìí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò mọ̀ kí ènìyàn 346 tó kú.

Ní ọgbà Ìkọ̀lé ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọyẹ́-Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní 2011, àwọn ọmọ wa ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wọn, ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan fa ìlà ìfura sínú ìṣirò rẹ̀ láìkọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ẹni tí yóò jìyà bí ìlà náà bá ga jù, àti ẹni tí yóò jìyà bí ó bá rẹlẹ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra ẹ̀rọ fún àwọn ilé ìwòsàn wa, ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè pé awọ ta ni wọ́n fi dán an wò. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má rà á.