Ẹ Ti Ọwọ́ Bọ Inú Òkìtì Kí Ẹ Tó Jẹ́rìí Sí I

Bismillāhir-Rahmānir-Rahīm.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó tún jẹ́ kí ẹ̀mí wa rí oṣù alápọ̀ọ́nlé yìí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀. Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ọlọ́hun yóò gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ gbogbo wa.

Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣírò zàká. A ó kó ìwé báńkì jáde, a ó wo owó tó wà nípamọ́, góòlù tó wà nínú àpótí, ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àti ṣíà tí a rà. Lọ́dọọdún tí mo bá ń ṣe é, ìwé kan wà ní ìsàlẹ̀ fáìlì mi tí n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ìwé ṣíà ilé-iṣẹ́ kan tó ń wa wúrà ni. Iye rẹ̀ lónìí kò tó ra búrẹ́dì kan. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe bẹ àwọn tó ń ṣe àkójọ yìí pé kí wọ́n fún mi láyè lónìí. Èmi kì í ṣe àfáà. Ọ̀kan lára yín ni mí, mo ṣe àṣìṣe kan, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe irú rẹ̀.

Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, níbí ní Canada, àwa ọkùnrin mẹ́fà jókòó ní ẹ̀yìn mọ́sálásí lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú, a ń mu tíì. Ọ̀kan nínú wa gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ní kọ́ńpìnnì kékeré kan ń wa wúrà ní ìwọ̀-oòrùn Áfríkà, ṣíà rẹ̀ kò sì ju sẹ́ńtì 18 lọ. Ó ní inú ilẹ̀ tiwa lọ́hùn-ún ni wúrà náà wà, bí a bá sùn, àwọn ẹlòmíràn ni yóò kó o lọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Kì í ṣe tẹ́tẹ́, kì í ṣe owó èlé, òwò ni, Ọlọ́hun sì ṣe òwò ní hàlálì. Gbogbo wa ló dá owó. 4,000 dọ́là ni tèmi.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ǹ bá má kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lára àwọn ìyá wa ní mọ́sálásí gbọ́. Opó ni Màmá, ó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó sì ti pẹ́ tó ti ń tu owó Hájì rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní:

"Bàbá Sọ̀fíà, wọ́n ní ẹ rí òwò kan. Owó Mẹ́kà mi kò tíì pé. Ṣé o ti wádìí rẹ̀ dáadáa?"

Mo ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ fi ọkàn balẹ̀."

Màmá mú 6,500 dọ́là jáde.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ lórí "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn ni mo mú wá. Kí ni mo ti wádìí? Mo ti wo fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo ti ka ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìròyìn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ojú ewé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìwádìí mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kọ́ńpìnnì náà kò purọ́ fún wa. Wúrà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà, bí wọ́n bá fọ́ òkúta tọ́ọ̀nù kan, gíráàmù kan tàbí méjì péré ni wọ́n ń rí nínú rẹ̀. Bí ohun tí wọ́n rí bá fi díẹ̀ dín sí ohun tí wọ́n ṣírò, èrè ti di gbèsè nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún wa. Wúrà kò tó, dísù wọ́n, kọ́ńpìnnì ti yá owó, àwọn tó yá a lówó sì gba ibẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá wó, àwọn tó jẹ lówó ni wọ́n ń kọ́kọ́ san fún; ẹ̀yìn pátápátá ni tàwọn onísíà. Lẹ́tà kan dé, ó ní kò sí ohunkóhun tó ṣẹ́ kù fún wa.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló ń tì mí lójú jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kírun Jímọ̀ ní mọ́sálásí mìíràn. Ramadan méjì kọjá tí n kò bá àwọn ènìyàn mi ṣínu. Mo ń sọ fún ìyàwó mi pé iṣẹ́ ni. Kì í ṣe iṣẹ́. Ojú Màmá ni mò ń sá fún.

Nígbà tí mò ń sá yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa àwọn tó ti kó sínú irú kòtò yìí ṣáájú wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Canada lè rántí Bre-X, ilé-iṣẹ́ kan láti Calgary. Ní 1993 ó gba ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Busang, nínú igbó Kalimantan ní Indonesia. Ó ní wúrà rẹpẹtẹ wà níbẹ̀. Ṣíà tó ń lọ ní sẹ́ńtì díẹ̀ kọjá 200 dọ́là. Iye gbogbo ilé-iṣẹ́ náà lé ní bílíọ̀nù 6 dọ́là Canada. Mẹ̀kúnnù kó owó ilé wọn sí i. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ Ontario pàápàá wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta 1997, ilé-iṣẹ́ Freeport-McMoRan, tó fẹ́ bá wọn da òwò pọ̀, lu ilẹ̀ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí Bre-X ti lù. Kò rí wúrà tó tó nǹkan. Ní oṣù karùn-ún, àwọn olùyẹ̀wò tó dá dúró kéde pé ẹnìkan ti po wúrà láti ibòmíràn mọ́ òkúta tí wọ́n ń gbé lọ fún àyẹ̀wò. Ṣíà di ìwé lásán. Ní 2007, ilé ẹjọ́ ní Ontario dá ọ̀gá onímọ̀ ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lọ sẹ́wọ̀n.

Ohun kan nínú ìtàn náà dá mi dúró. Bí wọ́n bá ń wá wúrà, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀ jìnnà, wọ́n á fa òkúta gbọọrọ jáde bí ọ̀pá. Àṣà iṣẹ́ náà ni pé kí wọ́n là á sí méjì. Ìdajì á lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ìdajì kejì á wà nípamọ́ kí ẹlòmíràn lè padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Busang, wọ́n fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lódindi. Kò sí ìdajì tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn. Ọdún mélòó kan kọjá, òwò bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù ń lọ, àwọn tó béèrè ìdajì kejì kò pọ̀. Oníkálukú gbà pé ẹni tó ṣáájú òun ti wò ó.

Ẹ̀yin ará, ṣé èyí yàtọ̀ sí tèmi? Màmá gbà pé mo ti wò ó. Èmi gbà pé ọ̀rẹ́ mi ti wò ó. Ọ̀rẹ́ mi gbà pé ẹni tó sọ fún un ti wò ó.

Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọjá lára òkìtì oúnjẹ kan ní ọjà, gẹ́gẹ́ bí hadíìsì tó wà nínú Sahih Muslim ti sọ. Òkè rẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n Ànọ́bì kò fi ti òkè mọ. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin. Ó bi ọlọ́jà pé kí lèyí. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànọ́bì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń tan ènìyàn jẹ kò sí lára àwọn tirẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbọ́ hadíìsì yìí, ọlọ́jà nìkan ni mo máa ń rò. Nísinsìnyí, ọwọ́ Ànọ́bì ni mò ń wò. Ẹni tó ju gbogbo wa lọ ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Èmi rí òkè tó gbẹ, mo sì jẹ́rìí fún opó pé ìsàlẹ̀ náà gbẹ. Nínú Sūratul-Hujurāt, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ pé bí ẹni tí a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé bá mú ìròyìn wá, kí á wádìí rẹ̀, kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá kí á tó wá máa kábàámọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe òpùrọ́. Ṣùgbọ́n àbámọ̀ tí āyà náà ń sọ, mo jẹ nínú rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Ní Ramadan kẹta, Màmá rán ọmọ ọmọ rẹ̀ sí ilé mi pẹ̀lú abọ́ mọ́ínmọ́ín fún ìṣínu. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan rán an. Ẹ mọ̀ pé a kì í dá abọ́ padà nípa rírán ọmọdé sí àgbà tó ṣe wá lóore. Ìyàwó mi fọ abọ́ náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìwọ ni wàá gbé e lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní: "Màmá, nígbà tí ẹ bi mí pé ṣé mo ti wádìí, n kò tíì wádìí. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní: "Owó yẹn ti lọ, mo ti sunkún rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ tí o sọ yìí ni mo ti ń retí láti ọdún méjì." Ó ní òun forí jì mí nítorí Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n òun kò ní sọ pé kò dun òun.

Mo tọ àfáà wa lọ. Ó ní nínú òwò, ẹni tó ń retí èrè náà ló ń fara mọ́ òfò, n kò sì ṣe onídùúró owó náà, nítorí náà kì í ṣe gbèsè lọ́rùn mi. Ó ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ láìmọ̀dí ni kí n tọrọ àforíjìn lé lórí, kí n sì ṣe dáadáa sí Màmá bí agbára mi bá ṣe mọ. Láti ìgbà náà, mò ń fi 100 dọ́là sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún Hájì rẹ̀. Kò tíì pé. Màmá ti di ẹni ọdún 73, orúnkún rẹ̀ kò sì rí bíi ti ìgbà yẹn mọ́. Owó lè padà wá. Ọdún mẹ́jọ tí orúnkún rẹ̀ fi le kò lè padà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín ní ohun mẹ́ta kí oṣù yìí tó kọjá.

Àkọ́kọ́, bí ẹnikẹ́ni bá gbé òwò wá, ẹ béèrè ìdajì kejì. Lẹ́yìn Bre-X, ní 2001, Canada ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní NI 43-101: ẹni tó mọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìròyìn nípa wúrà tó wà nílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìròyìn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kà á dé òpin. Ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i, iye owó tó kù lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì àti iye tó yá. Ẹ má sì fi owó Hájì, owó ilé tàbí owó ilé-ìwé ọmọ ra ohun tó lè di òfo.

Ìkejì, ẹ kọ́ ẹnu yín láti sọ pé "N kò mọ̀." Ìtìjú rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ẹni tó fọkàn tán yín bá bi yín léèrè, àmánà ni ìdáhùn yín. Àwọn àgbà ní bí a bá ń wá owó lọ, tí a bá pàdé iyì lọ́nà, ká padà sílé. Èmi pàdé iyì lẹ́nu Màmá, mo rìn kọjá lára rẹ̀.

Ìkẹta, bí ẹ bá wà ní ipò tí mo wà, ẹ gbé abọ́ náà lọ fúnra yín. Ààwẹ̀ wa ń gòkè lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́hun, a sì ń tọrọ àforíjìn ní òru mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Ẹ̀tọ́ ènìyàn tó wà lọ́rùn wa, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni kí á ti kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí, bí ẹ bá lè fi mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ lè má mọ̀ pé ẹni náà ń wá ọ̀nà tí yóò gbà padà wálé.

Ọlọ́hun Ọba, dárí ọ̀rọ̀ tí a sọ láìmọ̀dí jì wá. Fi àlùbáríkà sí ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ wa. Má jẹ́ kí ohun tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ sọ wá di aláìnírètí, má sì jẹ́ kí ohun tí O fún wa mú wa gbéra ga. Fún Màmá ní ẹsẹ̀ tí yóò fi yí Káábà ká. Āmīn.

Ọmọ ìyá yín nínú ẹ̀sìn,
Bàbá Sọ̀fíà