Òkú Ilé Wa Kì í Ṣe Iwin: Ọ̀rọ̀ Halloween àti Ìwòrì Méjì

 

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, obìnrin kan tí a jọ jẹ́ ọmọ Ifá, tó ń gbé ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́ta, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ́ káwọn ọmọ yìí ṣe Halloween nínú ilé lọ́dún yìí, àbí kí n ti ilẹ̀kùn mọ́rí?" Mo rò pé ìbéèrè ọdọọdún náà ni, àfi ìgbà tó sọ èyí tó kù. Bàbá rẹ̀ pa ipò dà nínú oṣù kẹta. Ilé níbí ni wọ́n sin ín sí, orí fóònù sì ni àwọn ti wo ìsìnkú náà. Ní báyìí tí àwọn aládùúgbò ti kó sàréè oníke àti egungun oníke síwájú ilé wọn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, kò gbà láti dá sùn mọ́. Ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Ṣé Grandpa náà máa jáde látinú ilẹ̀ wá bù wá jẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí ní akínyẹmí ara.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí rí lọ́nà tí kò dáa. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá kan béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo kàn ní, "Tiwọn ni, ẹ má bá wọn dá sí i." Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wo àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ń kọjá pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin rẹ̀ bi í pé ṣé ẹ̀sìn àwọn ni kì í jẹ́ kí ọmọdé ṣeré. Mi ò dá Ifá lọ́jọ́ náà, mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá ọ̀hún. Ẹnu mi ló yá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo rò pé Ọ̀yẹ̀kú Méjì ló máa yọ, torí ọ̀rọ̀ ikú. Ìwòrì Méjì ló yọ. Mo bi í, ó ní ire ni, ire ọmọ.

Ẹ̀yin àgbà mọ ìtàn tó wà nínú Odù yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ. Alárá àti Ajerò wà nínú wọn, Ọlọ́wọ̀ ni àbíkẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan tí Ọ̀rúnmìlà ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dé, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kí bàbá wọn bí a ṣe ń kí Awo. Ó kan Ọlọ́wọ̀, ó dúró gbagidi. Bàbá ní kí ló dé. Ó ní aṣọ tí bàbá ní lòún náà ní, ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ bàbá náà ló wà lọ́wọ́ òun, bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ bàbá náà ló wà lẹ́sẹ̀ òun, bàbá dé adé, òun náà dé adé. Báwo ni aládé ṣe máa dọ̀bálẹ̀ fún aládé? Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó gba ọ̀pá ọwọ́ ọmọ náà, ó gbéra, ó lọ sọ́run. Ayé bá dàrú. Aboyún ò bí, aláìsàn ò dìde, odò ń gbẹ. Àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́ ní ìdí ọ̀pẹ. Kò padà wá mọ́, ṣùgbọ́n ó kó ikin mẹ́rìndínlógún lé wọn lọ́wọ́, ó ní ohun tí wọ́n bá fẹ́, òun ni kí wọ́n máa bi.

Ẹ wò ó dáadáa. Ifá ò sọ pé Ọlọ́wọ̀ ṣẹ̀ nítorí pé ó wọ irú aṣọ bàbá rẹ̀. Ohun tó ṣẹ̀ ni pé aṣọ náà mú un gbàgbé ọmọ ẹni tó jẹ́. Nígbà tí bàbá sì lọ tán, àwọn ọmọ kò sá fún un. Wọ́n wá a lọ ni, ó sì fún wọn ní ohun tí ọwọ́ lè dì mú.

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ẹ bá mi fara dà á díẹ̀. Àwọn ará Ireland àti Scotland ayé àtijọ́ ló ń ṣe ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Samhain, nígbà tí ìkórè bá parí tí òtútù fẹ́ wọlé. Wọ́n gbà pé lálẹ́ ọjọ́ náà ilẹ̀kùn ayé àti ti ọ̀run máa ń ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọ Kristẹni fi ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ṣe ọjọ́ gbogbo ẹni mímọ́, wọ́n fi ọjọ́ 2 ṣe ti àwọn òkú. Orúkọ náà Halloween, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́ ló túmọ̀ sí. Nítorí náà, àǹtí yín tó ní ọjọ́ èṣù ni, kó lọ bi ìjọ rẹ̀ dáadáa. (Àǹtí kan náà yẹn ló ń pe eégún ní èṣù, torí náà kò yà mí lẹ́nu.) Nílẹ̀ England, àwọn ọmọdé àti tálákà máa ń lọ láti ilé dé ilé lásìkò náà, wọ́n á fún wọn ní àkàrà òyìnbó, wọ́n á gbàdúrà fún òkú inú ilé. Kí la ń pe ìyẹn nílé wa? Sàráà ni, jàre! Nígbà tí ìyàn ńlá bẹ̀rẹ̀ ní Ireland lọ́dún 1845, ọ̀pọ̀ wọn ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n gbé àṣà wọn dání. Turnip ni wọ́n ń gbẹ́ ojú sí lára nílé wọn. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí elégédé tó tóbi.

Kándí ọwọ́ ọmọ yín, sàráà òkú tó ti gbàgbé orúkọ òkú ni.

Àwọn èèyàn wa ní Bahia ò tíì gbàgbé ní tiwọn. Lọ́jọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, wọ́n máa ń se ilá tí wọ́n ń pè ní caruru fún Cosme àti Damião, tí ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ mọ́ Ìbejì. Ọmọdé méje ló máa ń kọ́kọ́ jẹ kí àgbà tó fọwọ́ kàn án.

Ní ti ìbojú, ṣé òyìnbó ló kọ́ wa? Lọ́dún 1826 Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé, ó sì kọ nípa eré tí wọ́n ṣe níwájú Aláàfin. Ẹnì kan di ejò ńlá. Òmíràn jáde bí òyìnbó, funfun báláú, ó ń gbọ̀n fún òtútù, ó ń fín aáṣáà, gbogbo ará ìlú ń rẹ́rìn-ín. Clapperton ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì mọ̀!

Torí náà, eré aṣọ kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Sàréè oníke yẹn ni.

Sàréè bàbá bàbá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ dán. Orí rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ta ayò. Bí ooru bá mú, a máa ń sùn sórí rẹ̀ torí pé ó tutù. Bí a bá fẹ́ lọ ṣe ìdánwò, ìyá àgbà á ní, "Lọ sọ fún bàbá rẹ." A ó lọ kúnlẹ̀ níbẹ̀, a ó sọ ọ́. Òkú tí mo mọ̀ ní kékeré nìyẹn. Ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà ò ní irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sàréè kan ṣoṣo tó ti fojú rí ni èyí tó wà níwájú ilé aládùúgbò, tí ọwọ́ ń yọ jáde látinú rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó rò nípa bàbá àgbà rẹ̀?

Mo ní kí ìyá náà mú un lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kó tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kan ọwọ́ ike yẹn, kó gbé e sókè, kó rí i pé kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó má jẹ́ kí ọmọ ọdún márùn-ún wo fíìmù òkú tó ń jẹ èèyàn, bó ti wù kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ wò ó tó. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi òkú dẹ́rù bà á pé kó lè tètè sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ eré, kí wọ́n gbé àwòrán bàbá sórí tábìlì, kí wọ́n gbé ife omi tútù sí i. Kí ìyá pe orúkọ bàbá rẹ̀, kó pe ti bàbá bàbá rẹ̀, kó máa gòkè lọ títí ibi tó bá mọ̀ dé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tó rántí. Kí kándí àkọ́kọ́ jẹ́ ti Grandpa. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó máa jẹ ẹ́, àwọn náà ni lẹ́yìn àdúrà, bí àwa náà ṣe ń jẹ ohun tó bá kù nídìí ojúbọ ní kékeré. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wọ ohun tó bá wù wọ́n.

Àfi nǹkan kan o. Àwọn kan ti ń bi mí bóyá àwọn lè rán eégún kékeré fún ọmọ láti fi ṣe Halloween. Rárá. Ẹ̀kú eégún ní ẹni tó ni ín, ó ní orúkọ, a máa ń bọ ọ́. Kí ọmọ di kìnnìún, kó di ọlọ́pàá, a ò bínú.

Alẹ́ àná ló fi àwòrán ránṣẹ́. Ọmọkùnrin náà wọ aṣọ Spider-Man, ó wá dé fìlà abetí ajá bàbá àgbà rẹ̀ lé e, fìlà náà bò ó lójú. Ìyá rẹ̀ ní ó ti sùn nínú yàrá rẹ̀ fún òru mẹ́ta, ṣùgbọ́n iná kì í kú. Ó ní ọmọ béèrè bóyá Grandpa mọ Spider-Man, kí lòun máa sọ? Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ ṣàlàyé fún un fúnra rẹ̀.

Ó ní ó ti ń ṣàlàyé láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi inú ife sì ti fẹ́ẹ̀ tán, torí òun náà ló ń mu ún.